Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Ìbọn Ọdẹ Tó Ti Dípẹtà Ṣe Nílé Láìba Irin Rẹ̀ Jẹ́

Ìbọn ọdẹ tó ti dípẹtà ṣì ṣeé tún ṣe. Èyí tí wọ́n ti fi sáńpépà họ ni kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ nìyí: ẹnì kan á ra ìbọn àlòkù, á rí i pé ara irin rẹ̀ ti pọ́n, á sì fa búrọ́ọ̀ṣì onírin tó ń fi iná mànàmáná yí jáde. Láàárín wákàtí kan, ìbọn náà á máa dán yinrin bíi síbí tuntun. Ṣùgbọ́n àkọlé tí wọ́n fín sára rẹ̀ ti parẹ́, igun rẹ̀ tó mú ti di róbótó, àwọ̀ dúdú tó ń dáàbò bo irin sì ti lọ. Kò ní pẹ́ tí ìpẹtà mìíràn á fi yọ, tí á sì jẹ ẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí irin ti wà níhòòhò.

Ọ̀nà tí màá fi hàn yín níhìn-ín kì í họ ìpẹtà dànù. Omi híhó ló ń lò, kí ìpẹtà pupa tó ń jẹ irin lè di dúdú tó ń bo irin. Ìbọn oníbóòtù tó ní igi walnut ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ (bóòtù ni irin tí à ń fọwọ́ fà sẹ́yìn tí a sì ń tì síwájú láti ki ọta àti láti ti ẹ̀yìn ọ̀pá ìbọn pa), irú Mauser 98, Winchester Model 70 tàbí Remington 700.

Ta ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún?

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà, tó ń lọ pa àgbọ̀nrín nígbà tí ìpínlẹ̀ bá ṣí ọdẹ, tí ìbọn náà sì jẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ òfin, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí físà ọmọ ilé-ìwé tàbí ti òṣìṣẹ́ lẹ fi wọlé, òfin àpapọ̀ kò gbà kí ẹ ní ìbọn lọ́wọ́, àfi bí ẹ bá wà lára àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀, irú ẹni tó ti gba ìwé àṣẹ ọdẹ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ẹni tó ní gíríìn káàdì kò sí nínú ìkálọ́wọ́kò yìí. Ẹ bi agbẹjọ́rò kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ní Bìrìtìkó, láìsí ìwé àṣẹ ọlọ́pàá, ẹ má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Ní Nàìjíríà, òfin kò gbà kí ènìyàn máa tún ìbọn ṣe nínú ilé ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ fi ìbọn sílẹ̀. Àdá ọdẹ tí bàbá yín fi sílẹ̀ ni kí ẹ fi ìpele kẹrin àti ìkarùn-ún ṣe. Irin àdá náà máa ń di dúdú bẹ́ẹ̀, èèkù rẹ̀ sì máa ń mu òróró.

Ohun méjì kù. Nọ́ńbà tí wọ́n fín sára ìbọn, ẹ má ha á, ẹ má fi nǹkan dí i. Ẹ̀ṣẹ̀ sí òfin àpapọ̀ ni láti pa á rẹ́. (Àwọn ìbọn kan tí wọ́n ṣe ṣáájú 1968 kò ní nọ́ńbà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀.) Èkejì, àwọn ìbọn kan wà tó jẹ́ pé àwọ̀ àtijọ́ ara wọn gan-an ni owó wọn. Winchester Model 70 tí wọ́n ṣe ṣáájú 1964 wà lára wọn. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì pọ̀ lára rẹ̀, ẹ fi epo nù ún, kí ẹ sì mú un lọ fún ẹni tó mọ iye rẹ̀ kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ kí ẹ tó tú sùkúrù kankan:

- Sùkúrùdíráfà alágbẹ̀dẹ ìbọn, tí ẹnu rẹ̀ nípọn déédéé láti òkè dé ìsàlẹ̀
- Epo tó ń wọ inú sùkúrù tó ti gan
- Kànrìnkàn irin tó kúnná jù lọ, èyí tí wọ́n kọ 0000 sí lára
- Ásítóònù, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, awò tó ń dáàbò bo ojú
- Ọpọ́n irin gígùn tí kì í dípẹtà, tó lè gba irin ìbọn náà látòkè délẹ̀, àti sítóòfù gáàsì ẹlẹ́nu méjì
- Omi distilled (omi tí wọ́n sè di ooru, tí wọ́n sì jẹ́ kó padà di omi) tó máa bo irin náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Omi ẹ̀rọ kò dára, torí ó máa ń fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀
- Ọ̀pá tí a fi ń nu inú ìbọn, búrọ́ọ̀ṣì idẹ tó bá ìwọ̀n ìbọn náà mu, àkísà kéékèèké, àti ohun olómi tí wọ́n fi ń fọ inú ìbọn
- Áyọ́ọ̀nù aṣọ àti àkísà òwú
- Sáńpépà 220, 320 àti 400, fún igi nìkan
- Òróró linseed tí wọ́n ti sè, tàbí òróró tung
- Páálí ẹyin tó ti ṣófo, fún sùkúrù

Ìpele kìíní: ẹ rí i dájú pé ìbọn ṣófo

Ẹ kó gbogbo kátíríìjì kúrò nínú yàrá iṣẹ́. Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò sí ènìyàn, ẹ ṣí bóòtù, ẹ wo ibi tí ọta ń jókòó sí, kí ẹ sì tún fi ìka wá a. Ẹ wo ibi tí wọ́n ń to ọta sí lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ bóòtù jáde. Lára Mauser, ẹ fa irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì síta kí ẹ tó fa bóòtù; lára Remington 700, irin tó wà níwájú ibi tí ìka ń fà lẹ máa tẹ̀.

Ẹ wá ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ọ̀pá ìbọn kọjá. Ìbọn tó ti wà ní àjà fún ìgbà pípẹ́ lè ní ilé agbọ́n nínú, ó sì lè ní ọta tó há.

Ìkìlọ̀ fún ẹni tí ìbọn rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí à ń ki láti ẹnu: ẹ̀tù lè wà nínú rẹ̀ láti ìgbà ayé ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, kí ó sì tún yìn lónìí. Ẹ ti ọ̀pá bọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi dúró, ẹ sàmì sí i níbi tí ẹnu ìbọn mọ, kí ẹ wá gbé ọ̀pá náà sí ìta ìbọn, kí àmì náà wà ní ẹnu ìbọn. Bí orí ọ̀pá náà kejì kò bá tó ibi tí ihò iná wà, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ má gbẹ́ ẹ jáde. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni yóò yọ ọ́.

Àyẹ̀wò: igi gba ẹ̀yìn wọlé, ó gba ẹnu jáde, ẹ sì rí ìmọ́lẹ̀ yíká nígbà tí ẹ wo inú rẹ̀.

Ìpele kejì: títú ìbọn

Níbí ni wọ́n ti ń ba orí sùkúrù jẹ́. Sùkúrùdíráfà tí à ń rà lọ́jà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu, á sì máa nípọn bọ̀ lókè, nítorí náà bí a bá ti fipá yí i, ṣe ló máa ń yọ̀ gòkè tí á sì ya ojú sùkúrù. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún ojú sùkúrù náà ní gígùn àti ní fífẹ̀. Ẹ rọ epo sí i, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Bí kò bá tún gbọ́, ẹ gbé ẹnu irin ìjórin oníná lé orí sùkúrù náà títí yóò fi gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún gbìyànjú. Sùúrù nìkan ló wà níbí.

Ẹ fi fóònù ya àwòrán kí ẹ tó tú sùkúrù kọ̀ọ̀kan, ẹ sì tò wọ́n sínú páálí ẹyin bí wọ́n ṣe ń jáde. Sùkúrù iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í sábà gùn bákan náà. Bí ẹ bá fi èyí tó gùn sí ibi tí kò tọ́, ó lè há bóòtù mọ́.

Méjì tàbí mẹ́ta ni sùkúrù tó so irin mọ́ igi. Tí wọ́n bá ti jáde, ẹ gbé irin náà sókè tààrà. Ẹ má mì í sọ́tùn-ún sósì, torí igi tó wà lẹ́yìn ìrù irin náà, níbi tó ti pin sínú igi, tinrin gan-an, ó sì yára ń là.

Ohun méjì wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ tú. Èkíní ni ọ̀pá ìbọn kúrò lára ilé bóòtù. Ààyè tó wà láàárín ojú bóòtù àti ìdí kátíríìjì ni ẹ̀mí yín wà, bí wọ́n bá sì tú ọ̀pá náà, ààyè yẹn lè yí padà. Èkejì ni ìfà, ìyẹn ẹ̀rọ ibi tí ìka ń fà. Ẹ yọ ọ́ kúrò lódindi, ẹ fi ohun olómi tó ń fọ epo ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má yí sùkúrù kankan lára rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ yí irin náà dojú dé, kí ẹ wo apá tí igi bò mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni omi òjò ti máa ń dúró fún ọdún púpọ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ fi èékánná họ ibi tí ìpẹtà wà. Bí èékánná bá há sínú ihò, ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn kó sọ bóyá irin náà ṣì lágbára. Ìbọn mìíràn wà tó jẹ́ pé orí ògiri ló yẹ kó parí ayé rẹ̀ sí.

Ìpele kẹta: inú ọ̀pá ìbọn

Láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa nù ún lọ sí ẹnu, ẹ má ti ẹnu wọlé. Etí ẹnu ìbọn ló ń darí ọta, bí ọ̀pá ìnu bá sì ń ha á lójoojúmọ́, ìbọn náà kò ní bá ibi tí ẹ fojú sùn mọ́. Ẹ fi ohun olómi rin àkísà, ẹ tì í kọjá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì idẹ gbà á. Búrọ́ọ̀ṣì onírin kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀.

Bí àkísà bá jáde ní dúdú, èéfín ẹ̀tù ni. Bí ó bá jáde ní àwọ̀ ewé tàbí búlúù, bàbà tí ọta fi sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: búrọ́ọ̀ṣì idẹ tí ẹ ń lò náà lè fún yín ní àwọ̀ ewé. Àkísà tó tẹ̀lé èyí tí ẹ fi nu lẹ́yìn búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹni tí ìbọn rẹ̀ jẹ́ Mauser tí àwọn ológun lò rí ní láti mọ èyí. Ọ̀pọ̀ kátíríìjì ológun àtijọ́ máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ìbọn, iyọ̀ ló sì ń fa omi mọ́ra títí irin fi ń dípẹtà. Epo kì í yọ iyọ̀. Omi gbígbóná ló ń yọ ọ́, ìyẹn sì wà nínú ìpele tó kàn.

Àyẹ̀wò: àkísà funfun gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì jáde ní funfun. Ẹ tan iná sí ẹ̀yìn, ẹ wo ilà tó ń lọ́ nínú rẹ̀. Etí ilà náà gbọ́dọ̀ mú.

Ìpele kẹrin: sísọ ìpẹtà pupa di dúdú

Ìpẹtà pupa àti dúdú, irin àti ọ́síjìn ni àwọn méjèèjì. Pupa máa ń wú, á ṣí kúrò lára irin, omi á sì gba abẹ́ rẹ̀ wọlé láti jẹ ẹ́ sí i. Dúdú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní magnetite, máa ń lẹ̀ típẹ́típẹ́, epo sì máa ń dúró lára rẹ̀. Omi híhó ló ń sọ ìkíní di ìkejì. Àwọ̀ dúdú tó wà lára ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà ṣe é: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú irin dípẹtà díẹ̀, wọ́n sè é, wọ́n sì tún un ṣe léraléra.

Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo rọ́bà, ike àti awò ìbọn kúrò. Ẹ fi ásítóònù fọ irin náà títí kò fi ní ọ̀rá kankan, ní gbangba, jìnnà sí iná. Ẹ jẹ́ kó gbẹ tán kí ẹ tó súnmọ́ sítóòfù. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́. Ọ̀rá ìka nìkan tó láti fi àmì sílẹ̀. Ẹ fi ásítóònù fọ kànrìnkàn irin náà, torí epo máa ń wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ èyí, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì ìdí tí irin wọn fi rí tótòtó.

Ẹ gbé omi distilled kaná. Nígbà tó bá ń hó gidi, ẹ fi wáyà so irin náà, ẹ rì í mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ó má fara kan ìdí ọpọ́n. Ẹ sè é fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ìkìlọ̀: ẹ má dí ẹnu àti ìdí ọ̀pá ìbọn. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ máa ń wú bí ó bá gbóná, ó sì lè ta ìdérí náà pẹ̀lú omi híhó sí yín lójú. Ẹ jẹ́ kí omi gba inú rẹ̀ kọjá, iyọ̀ àtijọ́ á bá a lọ.

Nígbà tí ẹ bá gbé e jáde, ìgbóná rẹ̀ á mú un gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ ti àkísà gbígbẹ gba inú ọ̀pá ní kíákíá. Ẹ ó rí i pé ìpẹtà ti di dúdú, ó sì rí lẹ́búlẹ́bú lójú. Ẹ fi kànrìnkàn irin 0000 nu lẹ́búlẹ́bú yẹn kúrò, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun tó bá ṣí kúrò fúnra rẹ̀ nìkan ni ẹ ń wá. Èyí tó lẹ̀ mọ́ irin, ẹ fi sílẹ̀, òun ni àwọ̀ yín. Bí pupa bá ṣì kù, ẹ tún un sè. Ìpẹtà tó nípọn lè gbà tó ìgbà mẹ́rin.

Nígbà tó bá parí, tí irin náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi epo ìbọn kùn ún, nínú àti lóde, kí ẹ gbé e kọ́ di ọjọ́ kejì.

Àyẹ̀wò: lọ́jọ́ kejì, ẹ fi aṣọ funfun nù ún. Dúdú díẹ̀ kò burú. Bí aṣọ bá pọ́n, iṣẹ́ kò tíì tán. Ẹ fọ epo kúrò, kí ẹ padà sí omi híhó. Kí ẹ tún ka àkọlé ara ìbọn náà. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, yóò hàn ketekete ju bí ẹ ṣe bá a lọ.

Ìpele karùn-ún: igi

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi kùn ún. Ẹ fi òwú díẹ̀ tó ní ọtí spirit nínú kan ibi tó fara sin. Bí ó bá rọ̀, shellac ni. Bí kò bá rọ̀, ẹ fi thinner tí àwọn akunmọ́tò ń lò kàn án. Èyí tó bá rọ̀ sí ìyẹn, lacquer ni. Bí méjèèjì kò bá ràn án, fáníìṣì ni, ohun olómi tí wọ́n fi ń ṣí fáníìṣì ló sì lè yọ ọ́.

Igi tó wà nítòsí ìrù irin máa ń dúdú torí epo tó ti mu fún ọdún púpọ̀. Ẹ po ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì mọ́ ásítóònù kó ki, ẹ fi lé e, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Yóò fa epo jáde. Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, kí ẹ tún ṣe é títí ṣọ́ọ̀kì á fi máa gbẹ ní funfun.

Ibi tó tẹ̀ wọnú ṣeé gbé sókè láìgé igi kankan. Ẹ rin àkísà òwú, ẹ gbé e lé ibẹ̀, ẹ fi ẹnu áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí omi á fi gbẹ. Ooru omi náà máa ń mú kí igi wú padà. Ẹ tún un ṣe títí yóò fi dọ́gba. Ibi tí nǹkan ti gé igi kò ní gbọ́ èyí, torí okun inú igi ti já. Ẹ jẹ́ kó wà, àpá ọdẹ ni. Ẹ jẹ́ kí ooru jìnnà sí ibi tí wọ́n fín ní ilà-ilà fún ìdìmú ọwọ́.

Bí igi bá ti là lẹ́yìn ìrù irin, ẹ lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú epoxy, kí ẹ sì gbẹ́ ìwọ̀nba ibẹ̀ kúrò kí ìrù irin má fara kan igi mọ́. Ààyè tó gba páálí tinrin kan tó. Bí ẹ kò bá ṣí ààyè yẹn sílẹ̀, gbogbo ìgbà tí ìbọn bá tì sẹ́yìn ni irin á máa gbá igi, yóò sì tún là.

Nígbà náà ni sáńpépà tó kàn. Ẹ dá irin ìdí ìbọn (èyí tó bo ìdí igi, níbi tí à ń gbé ti èjìká) padà sí ipò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi téèpù bò ó. Bí ẹ bá yọ ọ́, igi á kéré ju irin lọ yíká, gbogbo ẹni tó bá wò ó ló máa mọ̀ pé wọ́n ti họ ọ́. Ẹ fi sáńpépà yí igi pẹlẹbẹ ká, kí ẹ máa tẹ̀lé ìlà igi, 220, 320, lẹ́yìn náà 400. Ẹ má fọwọ́ kan etí tí irin ń jókòó sí. Ẹ fi omi rin igi náà díẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Irun igi á dìde, ẹ fi 400 gé e kúrò.

Òróró: díẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ nu gbogbo èyí tí igi kò mu kúrò, kí ẹ fún un ní ọjọ́ kan gbáko láti gbẹ. Ẹni tó bá da òróró púpọ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á ní igi tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ fún oṣù púpọ̀. Márùn-ún sí mẹ́wàá ni pípa tó dára, ẹ sì pa á sí inú ibi tí irin ń wọ̀ pẹ̀lú, kí omi má rí ibi gbà.

Ìkìlọ̀ tó le jù nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí: àkísà tó ní òróró linseed lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Bí òróró náà ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, bí ẹ bá sì ká àkísà jọ, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde. Ilé ń jó nítorí èyí. Ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ ní gbangba lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọn á fi gan, tàbí kí ẹ rì wọ́n sínú agolo irin tó kún fún omi.

Àyẹ̀wò: ẹ kán omi kan sórí igi. Bí ó bá dúró ní róbótó, ó ti tó. Bí ó bá wọlé, ẹ fi òróró kún un.

Ìpele kẹfà: títò ó padà

Ẹ gbé irin sínú igi tààrà, ẹ dá sùkúrù padà ní ìtẹ̀léra tí wọ́n fi jáde. Fún igi, 35 sí 40 inch-pound (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí sùkúrù le) tó fún sùkúrù iwájú àti ti ẹ̀yìn; èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ á máa fọ́ okun igi.

Pẹ̀lú ìbọn ṣíṣófo, ẹ ṣí bóòtù kí ẹ sì tì í, ẹ fi ìdènà (ohun tí kì í jẹ́ kí ìbọn yìn) sí i, ẹ fa ìfà, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ wá yọ ìdènà kúrò. Abẹ́rẹ́ ìbọn, èyí tó ń gbá ìdí kátíríìjì, kò gbọ́dọ̀ já síwájú. Ẹ ti bóòtù pẹ̀lú agbára ní ìgbà mélòó kan, ẹ sì fi ìdí ìbọn gbá rọ́bà nílẹ̀ díẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ já nígbà yẹn náà. Bí ó bá já lẹ́ẹ̀kan péré, ìbọn náà kò gbọ́dọ̀ rí kátíríìjì mọ́ títí alágbẹ̀dẹ fi wò ó.

Bó tiẹ̀ yege, ẹ ṣì gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn kí ẹ tó yìn ín. Yóò fi irin ìwọ̀n méjì wo ààyè ojú bóòtù: bóòtù gbọ́dọ̀ pa dé lórí èyí tí wọ́n ń pè ní GO, kò sì gbọ́dọ̀ pa dé lórí NO-GO. Iṣẹ́ yìí kì í pẹ́. Ẹ rí i dájú pé bóòtù inú ìbọn náà ni tirẹ̀ gan-an, pàápàá Mauser, tí nọ́ńbà ara bóòtù àti ti ilé bóòtù gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ bi í pẹ̀lú irú kátíríìjì tó yẹ ẹ́, torí wọ́n ti yí ọ̀pọ̀ Mauser padà sí ìwọ̀n mìíràn láìkọ ọ́ sára rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún tú irin kúrò nínú igi lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí pupa kankan bá yọ níbẹ̀, epo kò dé ibẹ̀. Ẹ nù ún, ẹ kùn ún, kí ẹ tó ti ìbọn náà mọ́ inú àpótí.